Èèwọ̀ Òkun Verata

Kí òyìnbó tó fẹsẹ̀ tẹ erékùṣù Fíjì ni àwọn ìjòyè ibẹ̀ ti ń fi èèwọ̀ tí wọ́n ń pè ní tabu de òkun. Bí ìjòyè ńlá bá wàjà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja ní apá kan títí ọ̀fọ̀ yóò fi parí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà ní 1874, òkun di ti ìjọba. Ẹ̀tọ́ àtipẹja nìkan ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ àwọn ìdílé. Òmìnira 1970 kò yí ìyẹn padà. Àwọn apẹja olówò dé, èèwọ̀ sì ń di ohun àtijọ́.

Àwọn obìnrin abúlé Ucunivanua, ní agbègbè Verata, fojú ara wọn rí àbájáde rẹ̀. Kaikoso, ẹran oníkarahun inú ẹrẹ̀ etíkun, ni oúnjẹ wọn, òun náà lowó ọjà wọn. Nígbà kan rí, láàárín wákàtí díẹ̀, obìnrin kan á ti kó o kún àpò bíi mélòó kan. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má rí ju ààbọ̀ àpò lọ, wẹ́wẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn ará Verata fúnra wọn ló ké sí yunifásítì tó wà ní Suva, olú-ìlú Fíjì. Alifereti Tawake, ọmọ Fíjì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, wà lára àwọn tó jẹ́ ìpè náà. Lọ́dún 1997, abúlé Ucunivanua fi èèwọ̀ de hẹ́kítà 24 ẹrẹ̀ etíkun rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ohun tí mo fi gbóríyìn fún Tawake àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù ni pé wọn kò gba iṣẹ́ kíka kaikoso ṣe fún onílé. Ogún ará abúlé, lọ́kùnrin lóbìnrin, kọ́ bí wọ́n ṣe ń na okùn láti etíkun, tí wọ́n ń wa ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ka kaikoso tó bá jáde, tí wọ́n sì ń wọn bó ṣe tóbi tó. Nígbà tí iye rẹ̀ ń gòkè, ta ni yóò jiyàn? Ọwọ́ wọn ló kà á. Àwọn ọmọ kaikoso tún ń bá omi lọ síbi tí èèwọ̀ kò dé. Ọdún mẹ́ta pé, wọ́n sún èèwọ̀ síwájú.

Abúlé mìíràn gbọ́, wọ́n tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ LMMA, ti àwọn abúlé tó ń bójú tó òkun wọn fúnra wọn, bẹ̀rẹ̀ ní 2000 láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà àti Pàsífíìkì, Tawake sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Ẹ̀ka Fíjì gba ẹ̀bùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Equator ní Johannesburg ní 2002.

Síbẹ̀, àwọn olè ẹja ṣì ń wá lóru síbi tí èèwọ̀ wà. Àwọn ọmọ abúlé tí ìjọba kọ́ ní ń ṣọ́ omi, láìgba owó oṣù. Ó yẹ kí ìjọba máa san ó kéré tán owó epo ọkọ̀ wọn.