Etí Gbẹ, Egungun Kò Tíì Sàn

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tó bá ti fi èékánná pa iná ara aṣọ rí mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí. Ṣùgbọ́n òwe yìí gbé ìbéèrè kan ka iwájú àwọn oníṣègùn etí: kí la ó fi mọ̀ pé iná ti tán?

Àrùn kan wà tó sábà máa ń mú àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Kòkòrò Pseudomonas ló sábà ń fà á. Inú ihò etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì jẹ wọ egungun ìsàlẹ̀ agbárí. Ìrora rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn sùn lóru. Tó bá dé ibi iṣan tó ń darí ojú, ẹnu a wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́dún 1968, Chandler, dókítà ará Amẹ́ríkà, fún un lórúkọ tó jọ ti jẹjẹrẹ, torí bó ṣe ń pani. Kì í kúkú ṣe jẹjẹrẹ.

Oògùn rẹ̀ máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an lewu wà: etí a gbẹ, ìrora a lọ, aláìsàn a ní ara òun ti yá, egungun ṣì ń jẹrà lábẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo èròjà onítànṣán. Wọ́n á gún technetium, ọ̀kan nínú wọn, sí iṣan ẹ̀jẹ̀ apá. Aláìsàn á mu omi dáadáa, á dúró bíi wákàtí 3, á wá dùbúlẹ̀ lábẹ́ kámẹ́rà gámà láìmira. Ibi tí egungun ti ń tún ara rẹ̀ ṣe ni technetium ń kó jọ sí, kódà nígbà tí àwòrán CT kò tíì rí nǹkan kan. Àmọ́ egungun lè máa tún ara rẹ̀ ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹ̀jẹ̀ orí èékánná ni technetium ń rí. Gallium, èròjà onítànṣán kejì, ló ń tọ ibi tí ara ti ń bá kòkòrò jà lọ. Bí ìjà bá rọlẹ̀, àwòrán rẹ̀ náà a pòórá. Ó gba sùúrù, torí ó lè tó ọjọ́ 2 tàbí 3 kí wọ́n tó ya á. Lójú tèmi, òun ló yẹ kí wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó dá oògùn dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gallium náà kì í ṣe Olúwa: àwòrán àwọn kan mọ́, àrùn sì tún padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, bí etí bá ń dùn wọ́n tí wọn kò rí oorun sùn, ẹ má torí oògùn ìkánsétí kẹ́míìsì fi ọjọ́ ṣòfò. Ẹ gbé wọn lọ bá dókítà etí, kí ẹ sì sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà.