Àga Oníṣòwò Nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ìtàn ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ wa wò láyé ìjọba amúnisìn. Nígbà náà, ìjọba ya àga sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n kà sí oníṣòwò?

Ọdún 1922 ni òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ jáde, nígbà tí Sir Hugh Clifford jẹ́ Gómìnà. Ìgbìmọ̀ sì kọ́kọ́ jókòó ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1923. Ènìyàn 46 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó sì pọ̀ jù. Mẹ́rin péré ni ará ìlú dìbò yàn: mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Kàlàbá. Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay ni ó gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un kò dín ní £100 lọ́dún ni ó lè dìbò. Kò sí ìbò fún obìnrin.

Lára àwọn tí a kàn yàn láìdìbò ni aṣojú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó, ti Port Harcourt, ti Kàlàbá àti ti Kano. Àwọn awakùsà ní tiwọn. Àwọn báǹkì àti àwọn ọlọ́kọ̀ òkun náà ní tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti àwọn òyìnbó ni àga wọ̀nyí wà fún.

Ẹ má ṣe rò pé ìjọba kò ní ìdí. Owó ibodè tí a ń gbà lórí ọjà ni ó pọ̀ jù nínú owó tí ń wọ àpò ìjọba. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí ni ń ra epo, kòkó àti ẹ̀pà, tí ń kó wọn lọ sókè òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣòfin lórí ọjà, ó yẹ kí ó bi ẹni tí ó mọ ọjà léèrè. Èyí kò burú rárá.

Ibi tí ó ti wọ́ ni pé apá kan ọjà ni wọ́n bi léèrè. Ẹ wo ilẹ̀ Òkè Ọya: kò sí ọmọ ibẹ̀ kankan nínú ìgbìmọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Kano àti awakùsà ní aṣojú. Ẹni tí ń ra ẹ̀pà ní ẹnu. Ẹni tí ń gbìn ín kò ní.

Ẹ tún wo àwọn ìyá ọjà Èkó. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, ni olórí wọn. Ní ọdún 1940, ìjọba ṣe òfin pé kí obìnrin tí ó bá ń rí ju £50 lọ́dún máa san owó orí. Àwọn ìyá wa kò ní àga, wọn kò ní ìbò. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá, wọ́n ti ọjà pa, wọ́n sì rọ́ lọ bá ìjọba. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé iye náà sókè sí £200. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà lórí àga, ẹsẹ̀ ni àwọn ìyá ọjà fi rìn kí wọ́n tó rí i gbà.

Òfin ọdún 1951 ṣì fún Gómìnà láyè láti yan ènìyàn mẹ́fà fún àwọn tí ó bá rí i pé wọn kò ní aṣojú tó. Nígbà tí a fi máa dìbò ọdún 1959, ìbò ni a fi yan gbogbo ọmọ ilé náà, 312.

Owó ọjà ni ìyá mi fi rán mi wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún dábàá pé kí a ya àga sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò, ìbéèrè kan ni n ó kọ́kọ́ bi í: ṣé ìyá tí ó pàtẹ ata wà nínú wọn? Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa bi í pẹ̀lú.