Etí Òkun Èkó àti Gálílì Àwọn Ará Rémọ

Ará Rémọ kì í ṣe ará etí òkun. Ọ̀sà li àwọn baba wa mọ̀. Láti Ṣágámù, tí àwọn ìlú Rémọ púpọ̀ parapọ̀ tẹ̀dó lí ọdún 1872, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn dé Ìkòròdú pẹ̀lú ẹrù lórí. Níbẹ̀ ni wọn yóò wọ ọkọ̀ tí yóò kó wọn sọdá ọ̀sà lọ sí Èkó. Ẹni tí ó bá ta ọjà rẹ̀ tán, tí ó sì ra iyọ̀ àti aṣọ, a padà sílé láì fi ojú kan òkun rárá. Àwọn àgbà a máa wí pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pa òwe náà ní Rémọ kò rí i rí.

Síbẹ̀, ní ìgbà èwe wa, bí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ṣágámù bá wí pé àwọn ń lọ sí Gálílì ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, Bar Beach lí Èkó ni ó sábà ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Mímọ́ mọ ibi tí orúkọ náà ti wá: angẹli wí fún àwọn obìnrin ní ibojì pé Olúwa ń ṣáájú wọn lọ sí Gálílì. Gálílì ti wa, mọ́tò ni a ń wọ̀ lọ, pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì àti ìlù.

Kí a tó sọ ti fàájì, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ewu, nítorí ewu li ó kọ́ dé. Òkìtì yanrìn kan wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀nà Èkó, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní bar. Òun li ó fún etí òkun náà lí orúkọ. Ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá lórí rẹ̀. Òde ni wọ́n ń dúró sí, a ó sì fi okùn sọ èrò kalẹ̀ nínú àpótí onígi sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbé sókè gbé sílẹ̀. Nígbà mìíràn, Forcados ní ẹnu odò ni a ń gbé ẹrù Èkó lọ já sí, kí ọkọ̀ kékeré tó tún gbé e padà wá.

Nítorí náà ni ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ògiri òkúta jáde sínú òkun lí ọdún 1908, ọ̀kan ní ìhà ìlà-oòrùn ẹnu omi, èkejì ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni a ti ń fọ́ òkúta náà, tí rélùwéè sì ń kó o wá sí Èkó. Ní 1912 iṣẹ́ ti lọ jìnnà, omi ẹnu ọ̀nà jìn sí i, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ ńlá fi ń wọlé fàlàlà. Èyí li ó sọ Èkó di Èkó tí a mọ̀.

Ṣùgbọ́n yanrìn etí òkun wa kì í dúró lójú kan. Ìgbì tí ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá máa ń gbá a lọ síhà ìlà-oòrùn, lọ́sàn-án àti lóru, bí ẹni tí ń gbálẹ̀. Nígbà tí ògiri dí i lọ́nà, yanrìn gbárajọ ní ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń gbòòrò. Bar Beach, tí ó wà ní ìlà-oòrùn, kò rí yanrìn gbà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì kò dẹ́kun láti máa kó èyí tí ó ní lọ. Láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, òkun ti jẹ tó kìlómítà kan nínú ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ògiri náà. Àwọn tí ó kọ́ ògiri náà fẹ́ kí ọkọ̀ wọlé. Ọkọ̀ sì wọlé.

Iṣẹ́ kan náà li ó bí Tarkwa Bay ní ìhà kejì. Lẹ́yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ dá rọ́rọ́, ìgbì kò le, ọmọdé sì lè wẹ̀ níbẹ̀ láì sí ìfòyà. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni a fi ń dé ibẹ̀ láti Èkó.

Lí ọdún 1991 ni mo kọ́kọ́ rí òkun, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa. Kí a tó rí i ni a ti gbọ́ ọ. Olùkọ́ wa fi ọ̀pá fa ìlà gígùn kan sórí yanrìn, ó ní ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀ yóò jẹ pàṣán, nítorí omi Bar Beach a máa fa ènìà lẹ́sẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí ìgbì fi pa ìlà náà rẹ́, ó sì tún un fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ li ó ṣe títí a fi lọ. A gun ẹṣin lí owó táṣẹ́rẹ́, ọmọkùnrin Haúsá tí ó ni ín ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A jẹ súyà, a mu omi àgbọn. Àwọn aláṣọ funfun wà lápá kan, láì wọ bàtà, wọ́n ń ké sí Ọlọ́run pẹ̀lú agogo, òkun sì ń dá wọn lóhùn. Èmi, ọmọ Áńgílíkà tí a ti kọ́ láti máa jókòó jẹ́ẹ́, kò lè gbójú kúrò lára wọn.

A kò lè ṣàì sọ ohun búburú tí a ṣe níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1971 ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè li etí òkun náà ní gbangba. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni a pa Ishola Oyenusi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìà sì pé jọ wò ó, tí ọlọ́jà ń tajà láàárín wọn bí ẹni pé ọjọ́ ọdún ni.

Òkun kò sinmi. Léraléra ni a ń da yanrìn sí Bar Beach, léraléra ni omi ń kó o lọ, títí ó fi ń bo òpópó Ahmadu Bello mọ́lẹ̀. Lí oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ó ya wọ Kuramo lóru, ó sì gbé àwọn tí ó sùn níbẹ̀ lọ. Nígbà náà, a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Eko Atlantic: ẹ̀rọ ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, a sì ń fi ògiri ńlá yí i ká. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, a ṣe ayẹyẹ pé ilẹ̀ tí a ti gbà padà tó mílíọ̀nù márùn-ún mítà onígun mẹ́rin. Òpópó náà bọ́ lọ́wọ́ omi. Ìyẹn dára púpọ̀, èmi kò sì ní kọ ọ́ ní búburú. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti gun ẹṣin ti di ìlú àwọn ọlọ́rọ̀. Kò sí Bar Beach mọ́.

Elegushi àti Oniru wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni a ń san lẹ́nu ọ̀nà wọn, ọgbọ̀n ọmọ láti Rémọ kò sì kéré. Tarkwa Bay pàápàá rí ìyọnu: ní oṣù Kíní ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi lé àwọn ará ibẹ̀ jáde kúrò nínú ilé wọn, wọ́n ní àwọn kan ń jí epo láti inú páìpù tí ó gba ibẹ̀ kọjá. Àkókò díẹ̀ ni a fún wọn láti kó ẹrù.

Síbẹ̀ Tarkwa Bay ni mo kó àwọn ọmọ wa lọ ní Gálílì. Mo fa ìlà sórí yanrìn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ mi ti ṣe, ìgbì kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo fi ògiri hàn wọ́n, mo ní a kó òkúta rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú wọn, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, kò gbà mí gbọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ fọwọ́ kàn án.