Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ìtàn sync àti backup

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tí a jọ ń gbé yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Fóònù rẹ̀ kún, kò lè ya fọ́tò mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lè pa rẹ́, ó sì kan fódà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ó ní, "Ó kúkú wà lórí láàpútọ́ọ̀pù mi." Ó pa á rẹ́. Ìdánwò dé, ìsinmi tẹ̀ lé e, kò sì ṣí iṣẹ́ náà mọ́ títí a fi padà sọ́gbà. Ìgbà tó ṣí láàpútọ́ọ̀pù, fódà ti ṣófo. Ó sáré lọ wo ibi tí àwọn fáìlì tí a pa rẹ́ máa ń wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn ti kọjá. Orí mẹ́ta ló lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ò ju ọ̀kan lọ: "Ṣebí mo ti ṣe backup?"

Kò ṣe backup o. Sync ló ṣe. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi dá ọ̀kan sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí tí wọ́n fi dá èkejì sílẹ̀. Ìtàn wọn ló máa jẹ́ ká mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Backup ni ẹ̀gbọ́n. Láti 1951 ni kọ̀ǹpútà UNIVAC ti ń fi téèpù pa iṣẹ́ mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ fi mọ̀ pé téèpù lè já, iná sì lè jó ilé, ni wọ́n bá ń ṣe ẹ̀dà téèpù wọn, tí wọ́n ń gbé e lọ sí ilé mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, wọn kì í kó o pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń jẹ. Orí àjà ni wọ́n ń gbé e kọ́, níbi tí èéfín ti ń fẹ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí òjò yóò fi rọ̀. Ohun tí backup jẹ́ gan-an nìyẹn: ẹ̀dà tí a fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Nígbà tó yá, ohun ìpamọ́ ń kéré sí i. IBM gbé dísíkẹ́ẹ̀tì jáde ní 1971. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kúrò lọ́gbà á rántí èyí tó ń gba 1.44 MB, tí eruku díẹ̀ lè bà jẹ́. Ní 2000 ni fláàṣì dé ọjà. 8 MB péré ni àwọn àkọ́kọ́ gbà, síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ju dísíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún lọ.

Sync ni àbúrò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ń sin ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní kọ̀ǹpútà méjì ni ìbéèrè dé: èwo nínú fáìlì méjèèjì ni tuntun? Ní 1987, ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, Mahadev Satyanarayanan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Coda. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn lè máa ṣiṣẹ́ lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tilẹ̀ já, kí ẹ̀rọ sì mú ohun gbogbo dọ́gba nígbà tó bá padà dé. Wọ́n kan ìṣòro kan tó ṣì ń bá wa fínra: bí ẹni méjì bá tún fáìlì kan náà ṣe nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ẹ̀rọ kò lè mọ ti ta ni kó gbà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà nígbà mìíràn.

Ní 1996, Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé rsync jáde ní Ọsirélíà. Ó ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, ó ń fi èyí tó wà níhìn-ín wé èyí tó wà lọ́hùn-ún, ibi tó bá yí padà nìkan ló sì ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ra dátà ló máa mọ iyì ọgbọ́n yìí.

Drew Houston, tó kàwé ní MIT, wá wọ bọ́ọ̀sì láti Boston lọ sí New York, ó sì gbàgbé fláàṣì rẹ̀ sílé. Inú ìbínú yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó di Dropbox, èyí tí òun àti Arash Ferdowsi dá sílẹ̀ ní 2007. iCloud tẹ̀ lé e ní 2011, Google Drive ní 2012.

Ẹ kíyè sí i: fláàṣì tí wọ́n gbàgbé ló bí Dropbox, kì í ṣe fáìlì tó ṣègbé. Iṣẹ́ sync ni pé kí ohun tó wà níbí wà lọ́hùn-ún. Dígí ni. Bí o bá rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín. Bí o bá fárí, orí inú dígí náà á dán. Ẹni tí a jọ ń gbé fárí lórí fóònù, láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ sì fárí pẹ̀lú.

Kò sì sí ẹni tó ga ju àṣìṣe lọ. Ní 1998, ẹnì kan ní Pixar tẹ àṣẹ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa fíìmù Toy Story 2 rẹ́. Wọ́n sáré lọ sídìí backup, wọ́n rí i pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó gbà wọ́n ni pé Galyn Susman bímọ, ó ń ti ilé ṣiṣẹ́, ẹ̀dà fíìmù náà sì wà lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi wé kọ̀ǹpútà náà kí wọ́n tó fi ọkọ̀ gbé e padà. Ní oṣù kejì 2011, àṣìṣe kan ba lẹ́tà àwọn kan jẹ́ lórí Gmail, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà wọn wà ní ibi púpọ̀. Téèpù ni Google fi dá a padà, ẹ̀gbọ́n àtijọ́ ọjọ́sí, nítorí pé téèpù ò sí lára ohun tí àṣìṣe náà lè dé.

Níbí náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bíi MainOne àti WACS bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ó sì kan Nàìjíríà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí cloud nìkan rí i lọ́jọ́ náà pé ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń tọ́jú fún wa, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.

Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ló sọ òfin 3-2-1 di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Kò gba owó gọbọi. Ẹ jẹ́ kí sync máa ṣe tirẹ̀ láàárín fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ da iṣẹ́ yín sórí fláàṣì, ẹ fi déètì sí orúkọ fódà, kí ẹ má sì kó tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ẹ yọ fláàṣì náà, ẹ má ṣe fi í sínú báàgì kan náà pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù, torí olè kì í yọ ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí fáìlì kan nínú rẹ̀, kí ẹ rí i pé ó ṣì ṣeé kà. Pixar ní backup; wọn ò ṣí i wò ni.

Ẹni tí a jọ ń gbé tún orí mẹ́ta náà kọ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde báyìí. Fláàṣì rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nílé, nínú àpótí tí Màmá ń kó aṣọ òkè sí.