Orúkọ wo ni ìbòjú? Lórí orúkọ méjì tí Ouida ń jẹ́

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn obìnrin tó fi orúkọ mìíràn kọ̀wé nígbà Ọbabìnrin Victoria, a sábà máa ń sọ pé ìbòjú ni orúkọ bẹ́ẹ̀. Èyí bá Mary Ann Evans mu, ẹni tó fi orúkọ ọkùnrin, George Eliot, tẹ ìwé. Mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín pé kò bá Ouida mu.

Ọdún 1839 ni wọ́n bí Maria Louise Ramé sí Bury St Edmunds. Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Faransé ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ èdè Faransé. Ní kékeré, kò lè pe "Louise" dáadáa. "Ouida" ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ nípa èdè ọmọdé yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: /l/ ìbẹ̀rẹ̀ bọ́, àsénupè /d/ gba ipò àfúnnupè /z/, fáwẹ̀lì kan sì kún ìparí rẹ̀. Àkọtọ́ Faransé ló fi "ou" dúró fún /w/, bí ó ti rí nínú orúkọ ìlú Ouidah, tí kò bá òǹkọ̀wé yìí tan rárá.

Orúkọ ìdílé ẹ̀wẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe: ó sọ Ramé di "de la Ramée", bí ẹni tó ti ilé ọlọ́lá wá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí wà nínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú Under Two Flags (1867), ìtàn ogun àti ewu, Bertie Cecil, ọmọ ìjòyè, sá kúrò nílùú nítorí ìbuwọ́lùwé èké tí àbúrò rẹ̀ ṣe. Kò tú àṣírí. Ó fi orúkọ mìíràn wọ iṣẹ́ ológun Faransé ní Àlgéríà, níbi tó jẹ́ pé ìwà àti ìgboyà rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ilé tó ti wá.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tiwa, ìnagijẹ, bá Ouida mu ju ìbòjú lọ. A kì í fi ìnagijẹ fara pamọ́. Gbangba ni wọ́n ti ń fi í peni. Ẹni tó bá kọ "de la Ramée" sílẹ̀ bí orúkọ gidi, tó wá pe Ouida ní ìbòjú, ti gbé ọ̀rọ̀ náà dorí kodò: èyí tó fi sílẹ̀ ni obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, èyí tó gbà ni ó fọwọ́ ṣe.