Kíkọ́ Èdè Japan ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Èdè fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ Òkèèrè

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní orílẹ̀-èdè Japan tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n kọ́ àwọn àjèjì ní èdè ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ fásitì níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ èdè náà, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbà. Oṣù kìn-ín-ní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá ni wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ẹ̀kọ́ náà kì í sì í ju ọdún 2 lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sábà máa ń bá a tọrọ ìwé-ẹ̀rí ìyẹ lọ́wọ́ àjọ tí ń rí sí ìwọlé àwọn àjèjì ní Japan. Oṣù 3 ni ìwé yìí ń lò. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá láti gba físà. Nítorí náà, alárinà tí ó bá ní òun ní físà tí òun ń tà, ẹ sá fún un. Òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tún ti fún ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Japan ní agbára láti fọwọ́ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ipò tí ilé-ẹ̀kọ́ yín wà kí ẹ tó san owó.

Kí òbí tó ta ilẹ̀ tàbí kó àjọ nítorí ìrìn àjò yìí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Wákàtí 28 péré ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti gba àṣẹ. Ní àkókò ìsinmi gígùn, ó lè ṣe wákàtí 8 lójúmọ́. Bí wọ́n bá san yẹ́ǹnì 1,200 fún wákàtí kan, 33,600 ni yóò rí lọ́sẹ̀. Owó ilé àti oúnjẹ ní Tokyo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e tán, bẹ́ẹ̀ owó ẹ̀kọ́ ọdún kan sábà máa ń tó yẹ́ǹnì 700,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò sì tètè gba ẹni tí kò gbédè síṣẹ́? Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ kọjá ìwọ̀n, tàbí tí ó ń pa kíláàsì jẹ, lè pàdánù àṣẹ ìgbélùú rẹ̀.

Ní ti èdè náà, lẹ́tà hiragana jẹ́ 46, katakana náà 46. Kanji tí ìjọba kà sí ti lílò gbogbo ènìyàn jẹ́ 2,136. Níbi kíkà ni wàhálà wà. Ṣùgbọ́n etí ọmọ Yorùbá ti mọ ohùn: ní Tokyo, háshì ni igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, hàshí sì ni afárá. Ìdánwò JLPT, láti ìpele N5 dé N1, ń wáyé ní oṣù keje àti ìkejìlá. EJU, tí ọ̀pọ̀ fásitì ń béèrè, ń wáyé ní oṣù kẹfà àti ìkọkànlá.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká owó yìí lè díje fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Japan tí à ń pè ní MEXT. Ilé-iṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá ni ó ń kéde rẹ̀ lọ́dọọdún, ọdún kan fún kíkọ́ èdè sì wà nínú ti àwọn tí yóò gba oyè àkọ́kọ́.