Ohùn Tó Rìn Ju Bílíọ̀nù Ọdún Lọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kì í ṣe àlọ́ ìjàpá, kì í sì í ṣe ti iwin inú igbó. Ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, wọ́n sì kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìgbà láéláé, kí igi kan tó hù lórí ilẹ̀ ayé, kí ẹranko kan tó fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀, òmìrán méjì wà ní ọ̀nà jíjìn réré lójú ọ̀run. Ihò dúdú ni orúkọ wọn. Òòfà wọn le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá, bó bá kó sí wọn lọ́wọ́, kò lè jáde mọ́. Èkínní wúwo tó oòrùn wa lọ́nà 36, èkejì lọ́nà 29. Wọ́n ń yí ara wọn po bí ẹni méjì tó fẹ́ wọ̀yá ìjà. Bí wọ́n ti ń yí ni wọ́n ń súnmọ́ra, bí wọ́n ti ń súnmọ́ra ni eré wọn ń le sí i, títí wọ́n fi ń sá tó ìdajì eré ìmọ́lẹ̀. Gbàrà tí wọ́n fara kan ara, wọ́n di ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 36 àti 29, 65 ni. Ṣùgbọ́n òmìrán tó ṣẹ́kù kò wúwo ju oòrùn 62 lọ. Oòrùn 3 ti pòórá! Níbo ni wọ́n gbà? Wọ́n di ìgbì òòfà. Àyè gan-an tí ayé àti ìràwọ̀ dúró sí gbọ̀n bí awọ ìlù tí ọ̀pá bà, ìgbọ̀nrìrì náà sì tàn káàkiri. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú bíńtín yẹn, agbára tó tú jáde níbẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ gbogbo ìràwọ̀ tí awò wa lè rí lọ. Ìgbì náà gbéra, ó sì fi nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù ọdún rìn.

Nígbà tó ku ìrìn ọdún 99 péré kí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ní ọdún 1916, Albert Einstein kọ ọ́ sílẹ̀ ní Berlin pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ọmọ ènìyàn lè gbọ́ ọ láéláé, nítorí yóò ti rẹ ìgbì náà kó tó débí. Nígbà tó ku ọdún 43, ní 1972, Rainer Weiss, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé sá kúrò lọ́wọ́ Hitler ní Jámánì nígbà tó wà lọ́mọdé, kọ ìlànà bí a ṣe lè ṣe etí tí yóò gbọ́ ọ. Kip Thorne àti Ronald Drever dara pọ̀ mọ́ ọn, Barry Barish sì wá darí iṣẹ́ náà títí ó fi fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Etí méjì ni wọ́n kọ́ sí Amẹ́ríkà: ọ̀kan ní Livingston láàárín igbó Louisiana, èkejì ní aṣálẹ̀ Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington. Nǹkan bí 3,000 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá méjì, apá kan sì gùn tó kìlómítà 4. Iná lésà ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú apá wọ̀nyí, ó ń lu dígí, ó ń padà. Bí ìgbì òòfà bá kọjá, apá kan á gùn, èkejì á súnkì. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wá kéré ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú prótọ́nù kan ṣoṣo tó wà nínú átọ́ọ̀mù. Ìdí tí etí fi jẹ́ méjì ni pé ohun tí ọ̀kan nìkan gbọ́ lè jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá. Ẹnu ẹlẹ́rìí méjì ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 kò tíì mọ́ ní Livingston. Àwọn tó ń dán ariwo wò lóru ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n ti lọ sílé. Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àlejò dé. Livingston gbọ́ ọ. Kí ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé, Hanford náà gbọ́ ọ. Ní Hannover ní Jámánì, níbi tí ọ̀sán ti fẹ́ kàn, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà, Marco Drago, rí àmì náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó hàn kedere jù; ó rò pé ẹnì kan ló fi dán àwọn wò. Wọ́n béèrè kiri. Kò sí ẹni tó ṣe é. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2016, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó lé ní 1,000 lórí ìwé náà. Weiss, Barish àti Thorne gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017; Drever ti kú ní oṣù kẹta ọdún náà.

Ṣùgbọ́n etí tó ń gbọ́ ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ariwo gbogbo ló ń gbọ́. Ní Hanford ní 2017, ariwo kan ń dá wọn láàmú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n bá ojú àgógó ẹyẹ lára yìnyín tó bo páìpù. Òùngbẹ ló ń gbẹ àwọn ẹyẹ ìwò, tí wọ́n fi ń ṣá yìnyín jẹ!

Ta ni yóò wá máa ya ariwo sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn? Ibí yìí ni ìtàn náà ti kàn ọ́, ìwọ tí ò ń kà á. Láti 2016 ni iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Gravity Spy ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wo àwòrán ariwo, kí ó sọ irú èyí tó jẹ́. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí, kò béèrè kọ́bọ̀. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀ ti rí irú ariwo tí àwọn onímọ̀ kò tíì lórúkọ fún. Ọ̀kan nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ní Àdàbà Méjì. Iṣẹ́ mìíràn, Einstein@Home, ń ya kọ̀ǹpútà aráàlú lò nígbà tó bá ń sinmi. Ní 2010, kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Iowa àti ti ọkùnrin kan ní Jámánì ṣàwárí òkú ìràwọ̀ kan tó ń yí nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n. Àkọsílẹ̀ etí méjèèjì náà wà ní gbangba lọ́fẹ̀ẹ́ fún olùkọ́ físíìsì tó bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ìgbì mìíràn wà lójú ọ̀nà nísinsìnyí. Òmíràn ti gbéra kí igi tó hù, òmíràn ku ìrìn ọ̀la kó dé. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó bá ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbé fóònù rẹ, pe ọmọ rẹ jókòó tì ọ́, kí ẹ sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbọ́.